Ọ́ìlì bààlúù kékeré ń gbóná jù tí mo bá dé òkè Kàbbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OmoIyara
Òkun o, gbogbo ilé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ mọ ẹ́ńjìnnì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ó ti ń kó ìpayà bá mi. Èmi àti àwọn méjì kan la jọ ń lo Cessna 172 kan, ẹ́ńjìnnì Lycoming O-320 ló wà níwájú ẹ̀, ó ti dàgbà díẹ̀ àmọ́ ó ṣì lágbára. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e láti Àkúrẹ́ ń lọ Àbújá, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà yẹn gba ọ̀dọ̀ wa kọjá gan-an ni, Ìkàrẹ́, Ìyàrà, Kàbbà, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sán gangan ni mo gbéra, ẹ sì mọ oòrùn oṣù Kẹta, 37°C nílẹ̀. Mo kọ́kọ́ dúró sí 3,500 ẹsẹ̀ bàtà, abẹ́rẹ́ ọ́ìlì wà ní 100°C, mo ní kò burú. Ìgbà tí mo kọjá Ìkàrẹ́ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lọ sí 7,500, abẹ́rẹ́ yẹn ò dúró mọ́, ó di 105, ó di 110, nígbà tí mo fi máa rí àwọn àpáta Kàbbà lápá ọ̀tún ó ti di 115. Ìlà pupa, ìyẹn òpin tí ọ́ìlì ò gbọ́dọ̀ kọjá, sì wà ní 118, ìyẹn 245 fún ẹni tó ń kà á ní Fahrenheit. Mo tẹ imú ẹ̀ wálẹ̀, mo dín agbára kù, ó padà sí 106 ó sì dúró síbẹ̀ títí mo fi dé Àbújá. Préṣọ̀ ọ́ìlì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ àmọ́ kò kúrò nínú ìlà àwọ̀ ewé.

Àwọn tá a jọ ń lò ó ní oòrùn ni, pé kí n má da ara mi láàmú. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣe oòrùn nìkan ló lè ṣe báyìí?

Ero_Kabba
Ọmọ mi, Òkun. Èmi ò mọ bààlúù o, ẹ̀rọ ìlọta, jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà ni mo ti ń tún ṣe ní Kàbbà níbí ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ tó tutù ni wọ́n ń rò lọ́kàn, ìdí nìyẹn tí mọ́tò tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wa tó ń gbóná, thermostat la kọ́kọ́ ń yọ kúrò lára ẹ̀ kí omi lè máa ṣàn gbuurugbu. Tí bààlúù yẹn bá ní nǹkan tó jọ thermostat lójú ọ̀nà ọ́ìlì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ dànù. Ohun tí mo rò nìyẹn, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ẹ lókè.

Yagba_Hanga
Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú sí ọmọ yín, mo fẹ́ tètè dá ọ̀rọ̀ yìí dúró kí ẹnikẹ́ni tó lọ ṣe é, torí nínú Lycoming ìdàkejì ohun tẹ́ ẹ ń retí ló máa ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, iṣẹ́ títún bààlúù ṣe ni mo kọ́, òun náà ni mò ń jẹ. Nǹkan tó jọ thermostat yẹn wà lóòótọ́, vernatherm là ń pè é. Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì ní: ọ̀kan gba inú kúlà kọjá, ìyẹn rédíétọ̀ kékeré tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, èkejì jẹ́ ọ̀nà àbùjá tó gba ẹ̀gbẹ́ kúlà kọjá láìwọ inú ẹ̀. Tí ọ́ìlì bá tutù, ọ̀nà àbùjá ló ṣí sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì á gba ibẹ̀ kó lè tètè móoru. Ìda kan wà nínú vernatherm, tí ọ́ìlì bá ti ń gbóná ìda yẹn á wú, á ti irin kan síwájú, orí irin yẹn ló máa wá dí ọ̀nà àbùjá pa nígbà tí ọ́ìlì bá dé bíi 85°C, gbogbo ọ́ìlì á wá wọ kúlà nípá. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, kò sí ohun tó máa dí ọ̀nà àbùjá mọ́. Ọ́ìlì, ibi tó bá rọrùn ló ń gbà, kò ní wọ kúlà, ńṣe ni yóò máa gbóná sí i. Tí mọ́tò tí wọ́n yọ thermostat ẹ̀ bá tutù, bààlúù tí wọ́n yọ vernatherm ẹ̀ lè pa ẹ́ńjìnnì.

Mo sì fẹ́ kí OmoIyara mọ̀ pé ibi tí orí irin yẹn ti ń jókòó máa ń jẹ. Tó bá ti jẹ lápá kan, tàbí tí kò bọ́ sójú ihò dáadáa, ọ́ìlì á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ láìwọ kúlà, wàá kàn rí i pé ẹ́ńjìnnì ń gbóná láìsí pé ohunkóhun bà jẹ́ lójú. A máa ń yọ ọ́, a ó wo ojú ẹ̀ bóyá àmì ìjókòó ẹ̀ yí ká dọ́gba, a ó sì kì í bọ omi gbígbóná pẹ̀lú tòmómítà láti wò ó bóyá ó ń nà bó ṣe yẹ.

Àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń padà bọ̀, iṣẹ́ ń pè mí.

Ero_Kabba
Mo dúpẹ́ o, ọmọ Ẹ̀gbẹ̀. Ìmọ̀ ò tán láyé. N ò mọ̀ pé ọ̀nà àbùjá ni tiyín.

Isanlu_Pilot
Àbúrò mi láti Ìyàrà, pẹ̀lẹ́ o, o kú oríire pé o tètè tẹ imú wálẹ̀. Kánádà ni mo wà báyìí, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní bààlúù wíwà, Ìsánlú ni ilé wa.

Jẹ́ kí n sọ ti ọwọ́ páílọ́ọ̀tì ná kí àwọn ẹni hángà tó dé. Eré mélòó lo ń sá nígbà tó ò ń gòkè yẹn? Mo fẹ́ẹ̀ lè sọ pé nọ́ọ̀tì 75 ni tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, torí ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nìyẹn, eré tó ń gbéni gòkè kíákíá jù. Ó dáa lẹ́yìn tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ tí igi wà níwájú, àmọ́ tó o bá ti kọjá 1,000 ẹsẹ̀ bàtà sókè láti ilẹ̀, kí lò ń lé? Ẹ́ńjìnnì yìí, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò ní omi, ọ́ìlì sì ń gbé nínú ìgbóná písítọ̀nù àti kírànkì jáde wá sí kúlà. Tí imú bá ga tí eré sì kéré, agbára ẹ́ńjìnnì pọ̀, ìgbóná pọ̀, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kéré, ibẹ̀ gan-an ni ọ́ìlì ti ń sè. Fi 85 tàbí 90 gòkè. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó o tó dé òkè àmọ́ wàá rí abẹ́rẹ́ yẹn kó dúró. Má sì tètè fa epo sẹ́yìn nígbà tó o bá ń gòkè, epo tó pọ̀ díẹ̀ ń bá ẹ tu sílíńdà.

Òmíràn ni àsìkò. Gbéra ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, má gbéra lọ́sàn-án oṣù Kẹta. Tí ìta bá fi 10 gbóná sí i, ọ́ìlì náà á fi bíi 10 gbóná sí i, ìṣirò ibẹ̀ ò le. Láàárọ̀ ìta lè jẹ́ 24, lọ́sàn-án 37, ìyẹn nìkan ti jẹ́ 13 lára abẹ́rẹ́ rẹ.

Èyí tó ká mi lára jù rèé, mo sì fẹ́ kó o fi sọ́kàn: abẹ́rẹ́ ìgbóná àti abẹ́rẹ́ préṣọ̀, má ka ọ̀kan láìka èkejì. Tí ìgbóná bá ń gòkè tí préṣọ̀ sì dúró dáadáa, o ní àyè láti ronú, tẹ imú wálẹ̀, dín agbára kù, kọjú sí pápákọ̀ tó sún mọ́ ẹ jù. Tí ìgbóná bá ń gòkè tí préṣọ̀ sì ń já wálẹ̀ pọ̀ mọ́ra, ọ́ìlì ń tán lọ nìyẹn tàbí nǹkan ń bàjẹ́ nínú, ibi tó o máa bà sí ni kó o máa wá lójú ẹsẹ̀, má ṣe sọ pé o fẹ́ dé Àbújá. O mọ ilẹ̀ wa, láti Ìyàrà títí dé ẹ̀yìn Kàbbà, àpáta àti igbó ló pọ̀ jù lábẹ́ ẹ. Bó o bá ṣe ga tó nígbà tí wàhálà bá dé ni àyè tó o máa ní láti yan oko ìrẹsì tàbí ojú ọ̀nà tó tẹ́jú.

OmoIyara
Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣé gan-an ni. Òótọ́ lẹ sọ, 72 ni mò ń sá. Tìjú ti mú mi.

Isanlu_Pilot
Má tijú rárá. Bó ṣe wà nínú ìwé lo ṣe é.

Yagba_Hanga
Mo ti dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ lé e bí ọkọ̀ bá wá pẹ̀lú irú ẹjọ́ yìí.

Mo máa ń kọ́kọ́ bi abẹ́rẹ́ léèrè bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ owó ló ti ṣòfò lórí abẹ́rẹ́ tó ń parọ́, àwọn èèyàn ti pààrọ̀ kúlà, wọ́n ti pààrọ̀ vernatherm, ẹ̀yìn-ọ̀-rẹyìn wáyà sẹ́ńsọ̀ ló jẹrà. Kí ẹni tó ní láísẹ́ńsì yọ sẹ́ńsọ̀ yẹn, kó kì í bọ omi tó ń hó pẹ̀lú tòmómítà tó ṣeé gbọ́kàn lé, kí ẹnì kan jókòó níwájú máa ka míta. Ẹ má retí 100 géérégé o, omi kì í hó ní 100 lókè ilẹ̀ bíi tiwa, bá a bá ṣe fi bíi 300 mítà ga sí i láti ojú òkun ni ìhó omi ń fi nǹkan bíi digírì kan dín kù. Ní Àkúrẹ́ tàbí Kàbbà, 99 tàbí kó dín díẹ̀ lẹ máa rí. Tí míta bá kà 108, ìdajì wàhálà yín ti tán.

Ẹ tún mọ̀ pé lára Lycoming, ẹ̀yìn tí ọ́ìlì bá ti jáde nínú kúlà ni sẹ́ńsọ̀ ti ń wọ̀n ọ́n. Ọ́ìlì tó ti tutù díẹ̀ lẹ̀ ń kà yẹn. Èyí tó wà lábẹ́ písítọ̀nù gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa gbé ní 115 kó ní "ṣebí kò tíì kan pupa". Ohun tí mo fẹ́ rí tẹ́ ẹ bá ti dọ́gba lókè ni 82 sí 93, ìyẹn 180 sí 200 ní Fahrenheit.

Tí abẹ́rẹ́ bá jẹ́ olóòótọ́, mo máa ń tẹ̀ lé afẹ́fẹ́. Ibi tí mo sì ti ń rí i jù nìyí. Ẹ ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ẹ wo páànù tó yí sílíńdà ká. Afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé sórí sílíńdà, páànù yẹn ló ń fipá mú un pé kó gba àárín ìyẹ́ sílíńdà àti inú kúlà kọjá lọ sísàlẹ̀ kó tó jáde. Etí páànù ní rọ́bà rírọ̀ tó gbọ́dọ̀ lẹ̀ mọ́ inú ìbòrí pinpin. Rọ́bà yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí iwájú àti òkè, síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ lè máa tì í mọ́ ìbòrí. Tẹ́ni tó dé ìbòrí padà bá kánjú, rọ́bà á ká sẹ́yìn, ẹ ò ní rí i lóde, afẹ́fẹ́ á kàn máa gba ibẹ̀ sá lọ láìkan sílíńdà, láìkan kúlà. Ibi tó fẹ̀ bí ìka méjì péré lè bà ọ́ lórí jẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ páànù lálẹ́, kí ẹnì kan dúró lókè máa wo ibi tí iná ti ń yọ, gbogbo ihò tí iná bá gbà, afẹ́fẹ́ ń gbà á.

Kí ẹ sì wo ojú kúlà fúnra ẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. Lọ́dọ̀ wa níbí, eruku ọyẹ́ á ti kó sínú ẹ̀ láti oṣù Kejìlá, kòkòrò á ti kú sí i, agbọ́n tó ń fi ẹrẹ̀ kọ́lé sì fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀ ju ohunkóhun lọ, kí bààlúù jókòó ọ̀sẹ̀ méjì péré láìfò.

Mopa_Rotax
Ẹ kú ìjíròrò o. Kí n fi tèmi kún un fún àwọn tí kì í ṣe Lycoming ni wọ́n ń lò. Rotax 912 oní 100 horsepower ló wà lára tèmi. Kó tó gbéra, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé 50°C ó kéré tán, mo máa ń jẹ́ kó sáré ní 2,000 RPM, ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú méjì, lẹ́yìn náà 2,500 títí yóò fi dé ibẹ̀. Lókè, 90 sí 110 là ń fẹ́, 130 ni òpin. Wọ́n sì ní ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ tó o bá fò, kí ọ́ìlì dé 100 kí omi inú ẹ̀ lè gbẹ.

Ohun tí bàbá wa Ero_Kabba máa tètè yé: gíá Rotax àti ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń pín ọ́ìlì kan náà ni, bíi ti ọ̀kadà. Torí ẹ̀ ni ọ́ìlì irú ti alùpùpù fi bá a mu. Àpótí ọ́ìlì ẹ̀ dá wà lọ́tọ̀, tó o bá kàn fa géèjì yọ láàárọ̀ láìṣe nǹkan kan, irọ́ ló máa pa fún ẹ. Pa iná ẹ̀ pátápátá, fi ọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú síbi tó máa ń yí sí nìkan, títí wàá fi gbọ́ tó ń dún gbọ̀ọ́ nínú àpótí, ìgbà yẹn lo máa wá wọn ọ́ìlì.

Ero_Kabba
Ẹ ṣé, ọmọ Mọ̀pà. Ìyẹn yé mi kedere.

Kí n béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ OmoIyara o, torí ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ni. Ṣé ikùn bààlúù yẹn máa ń dọ̀tí pẹ̀lú ọ́ìlì? Ẹ wo ẹnu páìpù tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí. Tí ríǹgì tó yí písítọ̀nù ká bá ti jẹ, iná inú sílíńdà á máa gba ẹ̀gbẹ́ ríǹgì sá wọ inú ọ́ìlì pánù, yóò máa se ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀, kò sí kúlà tó lè ràn án lọ́wọ́. Lára ẹ̀rọ ìlọta, màá ṣí ẹnu ìmí ẹ̀ tó bá ń ṣiṣẹ́, màá wo èéfín ibẹ̀. Tó bá ń tú jáde gbùù-gbùù bí ìkòkò àmàlà, mo ti mọ̀ pé ríǹgì ni. Ọ́ìlì á sì tètè dúdú ju bó ṣe yẹ lọ.

Yagba_Hanga
Bàbá, bó ṣe rí gan-an lẹ sọ ọ́ yẹn, kò yàtọ̀ rárá. Tiwa ni pé a ó fi afẹ́fẹ́ tí préṣọ̀ ẹ̀ jẹ́ 80 psi sínú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, a ó wo iye tó kù. Tí sílíńdà kan bá jò ju àwọn yòókù lọ, a ó fetí sí i níbi tó ti ń jò: tó bá ń fẹ́ jáde lẹ́nu páìpù ìmí, ríǹgì ni. OmoIyara, wo ìwé ọkọ̀ yẹn, wo nọ́ńbà tí wọ́n kọ nígbà ìyẹ̀wò tó kọjá. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pààrọ̀ sílíńdà náà ni, ó lè gbóná díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún wákàtí mélòó kan títí ríǹgì yóò fi jókòó.

Bunu_Boy
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tẹ́nì kankan ò tíì sọ̀rọ̀ irú ọ́ìlì? Ṣé ọ́ìlì tó ki kọ́ ni kó kàn rà? Àti pé ṣé kò lè rọ ọ́ kún bámúbámú, torí ọ́ìlì tó pọ̀ ló máa tètè tutù.

Yagba_Hanga
Ìbéèrè tó dáa. Orí ọ́ìlì bààlúù wọ́n kọ 80, 100, 120. Ẹ má jẹ́ kó rú yín lójú, 80 yẹn ni SAE 40, 100 ni SAE 50, 120 ni SAE 60; SAE ni ìwọ̀n bí ọ́ìlì ṣe ki tó. Ní ibi tó bá gbóná ju 27°C lọ, Lycoming fọwọ́ sí SAE 60, tàbí oríṣi 15W-50 àti 20W-50 tó ń bá òtútù àti ooru ṣe. Tí ọkọ̀ yẹn bá ń lo 80 láti ìlú tó tutù tí wọ́n ti rà á, ẹ yí i padà. Àmọ́ ọ́ìlì tó ki kì í wo àrùn ọ́ìlì gbígbóná, préṣọ̀ ló ń gbé dúró. Nígbà mìíràn gan-an ó máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ nínú kúlà.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọ́ìlì mọ́tò sínú Lycoming. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ bí owó ṣe rí báyìí. Àwọn nǹkan tí wọ́n pò mọ́ ọ́ìlì mọ́tò kó lè máa fọ inú ẹ́ńjìnnì, eérú ló ń dà lórí písítọ̀nù, eérú yẹn á pọ́n bí ẹyín iná, epo á wá gbiná kó tó tó àkókò. Wọ́n ti fi kọ́ ọgbọ́n.

Lórí kíkún: O-320 ń gba kúọ́ọ̀tì 8, ìyẹn lítà 7 ààbọ̀. Tẹ́ ẹ bá kún un dé 8, púpọ̀ nínú wọn á pọ kúọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ gba páìpù ìmí sórí ikùn ọkọ̀. Mẹ́fà sí méje ló máa ń dúró sí. Àmọ́ kó má lọ dín kù débi tí kúọ́ọ̀tì mélòó kan péré á máa sáré ká láìsinmi, ìyẹn á gbóná dandan. Kí ẹ sì pààrọ̀ ẹ̀ ní wákàtí 50 tó bá ní fílítà gidi, 25 tó bá jẹ́ asẹ́ nìkan ló ní, oṣù mẹ́rin tí ẹ ò bá fò tó bẹ́ẹ̀.

Isanlu_Pilot
Kí n fi ìrírí kan kún un torí Yagba_Hanga dárúkọ ìlú tó tutù. Níbí, ní ìgbà yìnyín, a máa ń fi páànù kékeré dí iwájú kúlà tàbí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, kí ọ́ìlì má bàa tutù jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ tí ooru bá dé. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n tà lọ sí ilẹ̀ olóoru pẹ̀lú páànù yẹn lára ẹ̀, tẹ́nì kankan ò sì mọ ohun tó jẹ́, wọ́n rò pé bí wọ́n ṣe ṣe ọkọ̀ náà nìyẹn. Àbúrò, wò ó.

Ẹ sì jẹ́ ká má gbàgbé òdìkejì ẹ̀, torí mo ti rí àwọn tó dùn mọ́ pé ọ́ìlì wọn ò ju 65 lọ. Kò dáa. Gálọ́ọ̀nù epo kan tí ẹ́ńjìnnì bá jó, omi tó ń mú jáde ń lọ sí bíi gálọ́ọ̀nù kan. Èyí tó pọ̀ jù ń bá èéfín lọ, àmọ́ díẹ̀ ń yọ́ wọ inú ọ́ìlì, tí ọ́ìlì ò bá sì gbóná tó, omi yẹn á dúró síbẹ̀, á di kíkan, á jẹ irin. Kámúṣáàfù Lycoming, irin tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì, wà lókè, ọ́ìlì máa ń ṣàn kúrò lára ẹ̀ tí ọkọ̀ bá jókòó, òun ló ń kọ́kọ́ dógùn-ún. Ìmọ̀ràn àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì ni pé kí ọkọ̀ fò fún wákàtí kan gbáko, ó pẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan lọ́gbọ̀n ọjọ́, kí ọ́ìlì wà láàárín 74 sí 93°C. Kì í ṣe kó kàn dúró nílẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ́ kó máa sáré ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn á fi omi sínú ẹ̀, kò ní gbóná tó láti lé e jáde. Ní àsìkò òjò lọ́dọ̀ wa, oṣù Kẹjọ, oṣù Kẹsàn-án, ẹ kíyè sí i gidi gan-an.

OmoIyara
Òkun o gbogbo ilé. Ọjọ́ mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń ka ohun tẹ́ ẹ kọ, mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo sì gbé e fún ẹni tó ń bá wa tún ọkọ̀ náà ṣe, ó fọwọ́ sí i, a sì tẹ̀ lé e bí ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ṣe tò ó.

Abẹ́rẹ́ kọ́kọ́. Nínú omi tó ń hó, tòmómítà ní 99, míta tiwa ní 103. Ó fi mẹ́rin parọ́. Nítorí náà 115 yẹn, 111 ni. Ìyẹn fún mi ní ìfọ̀kànbalẹ̀ díẹ̀, àmọ́ 111 ṣì pọ̀ jù.

Lẹ́yìn náà iná tọ́ọ̀ṣì. Áà, ẹ̀yin èèyàn mi. Igun ọwọ́ òsì lẹ́yìn, rọ́bà ti ká sẹ́yìn pátápátá, gígùn ẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ti ya níbi tó ti ká. Àwọn tó yẹ ọkọ̀ náà wò fún wa kẹ́yìn ló dé ìbòrí padà bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó wò ó, èmi náà ò sì wò ó, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ń wọ inú ẹ̀ fò. Inú bí mi débi pé mo jókòó sílẹ̀ nínú hángà. Kúlà sì wà níbẹ̀, agbọ́n ti fi ẹrẹ̀ di igun ẹ̀ kan, ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ojú ẹ̀. A rọra fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ fọ̀ ọ́, a ò fi afẹ́fẹ́ líle fọ́n ọn torí ẹni tó ń ṣe é ní ìyẹ́ ẹ̀ á tẹ̀. Páànù ìgbà òtútù ò sí lára ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Vernatherm dára, àmì ìjókòó ẹ̀ yí ká. Sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dára, bàbá, ẹnu páìpù ìmí ò tú èéfín.

Wọ́n fi rọ́bà tuntun sí i. Ní Sátidé àná mo tún gba ọ̀nà kan náà, Àkúrẹ́ sí Àbújá, ọ̀sán náà ni o torí mo fẹ́ fi wé ti tẹ́lẹ̀, 36°C nílẹ̀. Mo fi 87 gòkè látorí Ìkàrẹ́ lọ sí 7,500. Ó dé 98 lórí míta, ìyẹn 94 gidi, ó dúró. Nígbà tí mo dọ́gba ó padà sí 91, ìyẹn 87 gidi. Préṣọ̀ gòkè díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Mo kọjá lórí Ìyàrà, mo rí òrùlé ilé wa, ìyá mi sì wà ní àgbàlá lóòótọ́, mo pè é lórí fóònù nígbà tí mo bà, ó ní òun gbọ́ ìró ẹ̀.

Mo ṣì fẹ́ kí ẹnì kan sọ fún mi: ṣé kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ tó ń fi mẹ́rin parọ́ yẹn ni, àbí kí n kàn máa yọ mẹ́rin?

Yagba_Hanga
Pààrọ̀ ẹ̀. Ìwọ á rántí mẹ́rin yẹn, àwọn méjì tẹ́ ẹ jọ ń lò ó lè má rántí. Kí ẹ tún yẹ rọ́bà tuntun yẹn wò lẹ́yìn wákàtí 10, ó máa ń jókòó sí ipò ọ̀tọ̀ tó bá ti gbóná tó tutù lẹ́ẹ̀mélòó kan. Fi aṣọ dí ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé tí ọkọ̀ bá jókòó, aṣọ pupa tó gùn tí wàá rí láti inú ọkọ̀, kí o sì yọ ọ́ kó o tó tan iná. Inú mi dùn sí ẹ o, ọmọ Ìyàrà.

Ero_Kabba
Ẹ kú oríire o. Èmi náà fẹ́ jábọ̀. Jẹnẹrétọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì kan níbí, ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń tún un ṣe fún wọn, ọ́ìlì ẹ̀ máa ń jó, mo ti pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tẹ́ ẹ kọ ni mo lọ dúró tì í. Wọ́n ti mọ ògiri yí i ká nítorí olè, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn rédíétọ̀ ẹ̀ sí ògiri, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó tú jáde ló tún ń fà wọlé. A ti yí i padà, a sì lu ihò ńlá sára ògiri náà, a fi irin dí i. Láti ọjọ́ Ajé tí a ti ṣe é, wọn ò tíì fi ọ́ìlì kún un.